Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí Iṣẹ́ Abẹ Orí, Ẹ Bèèrè Bí Wọ́n Ti Wọn Iṣan

Ọ̀rọ̀ ìlera la máa ń sọ níbí, a sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà. Ti òní jẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àìsàn tó ń mú kí ènìyàn ta ilẹ̀ ni.

Níjọ́sí, mo wà ní Jonquet, ní Kútọnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mọ́tò Lomé ti ń kérò. Ẹ̀yin náà mọ Jonquet: òru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀sán, ariwo ọlọ́mọ́tò lọ́tùn-ún, ariwo zémíjàn lósì. Ìyá alátàsì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?" Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá rédíò, àbúrò mi ni o. Èyí tó ń wa zém. Rọpárọsẹ̀ ti mú un. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Mo bá a kẹ́dùn. Ó ní ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹnì kan ti wá bá wọn nílé, ó ní iṣan orí àbúrò rẹ̀ ló dí, pé ní ìlú òkèèrè kan àwọn dókítà máa ń la agbárí, wọn á so iṣan tuntun mọ́ ti ọpọlọ kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Ẹni náà ní òun á bá wọn ṣètò gbogbo rẹ̀. Ó ti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ wọn ná. Èyí tó kù, ilẹ̀ bàbá wọn ní Sakété ni wọ́n fẹ́ tà kí wọ́n fi san án.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í. Mo ní, "Ìyá, ṣé wọ́n ti wọn iṣan náà?" Ó wò mí títí. Ó ní, "Wọ́n ń wọn iṣan ni? Ṣé aṣọ ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí. Èrò tèmi rèé, ẹ gbọ́ ọ kedere: kò yẹ kí ìdílé kankan ta ilẹ̀, ta ọ̀kadà, tàbí kó èsúsú sórí iṣẹ́ abẹ iṣan ọpọlọ láìjẹ́ pé wọ́n ti rí ìwọ̀n iṣan náà lórí ìwé, tí dókítà sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Èkejì rẹ̀ ni pé ìwọ̀n tó lè gba ọ̀pọ̀ nínú wa là kì í ṣe èyí tí oníṣẹ́ abẹ ń wọ̀n rárá. Ìwọ̀n kan ti wà ṣáájú rẹ̀ tí a kì í fẹ́ wọ̀n.

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ fi ìka méjì síwájú etí yín, ní ẹ̀bátí. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ ti rí i bó ṣe ń lù kì, kì, kì? Iṣan ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Abẹ́ awọ orí ló ń gbà, kò wọ inú agbárí. Òun gan-an ni oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń lò. Á rọra tú u kúrò lábẹ́ awọ, á lu ihò sí agbárí, á mú iṣan náà gba ibẹ̀ wọlé, á sì rán an mọ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó wà lórí ọpọlọ. Bí ọ̀nà ńlá bá dí ní Kútọnu, kí ni zémíjàn ń ṣe? Á gba vọ́n. Vọ́n ni wọ́n ń la fún ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Yaşargil, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, ló kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn ní ìlú Zurich ní Switzerland, ní ọdún 1967. Amẹ́ríkà ló ti lọ kọ́ bí a ṣe ń rán iṣan wẹ́wẹ́ lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Okùn tí wọ́n fi ń rán an tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ojú lásán kò lè ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wàyí. Ẹ mú téèpù télọ̀ wá. Ẹ wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà kan sí èkejì. Àlàfo ìlà kan sí ìkejì rẹ̀ ni mìlímítà 1. Iṣan ńlá tó ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ fẹ̀ tó bíi mìlímítà 3 níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó ti ń pín sí ẹ̀ka ló ń tín-ín-rín sí i, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá dé ojú ọpọlọ lókè, ẹ̀ka rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 1 lọ. Èyí tí ẹ fọwọ́ kàn níwájú etí yín lẹ́ẹ̀kan, bíi mìlímítà 1 sí 2 ni. Mìlímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ rí. Bó bá kéré jù, ojú ìránṣọ náà á tètè dí, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, iṣẹ́ á sì di asán. Bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ bá nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, iṣan ẹ̀bátí kò ní tó, wọ́n á ní láti mú iṣan láti apá tàbí láti ẹsẹ̀. Gbogbo èyí, ìwọ̀n ló ń sọ ọ́.

Wọn kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ sikánà yà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn tó ń mú kí iṣan hàn. Wọ́n lè ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan itan tàbí ti ọwọ́ lọ sókè, kí wọ́n fi oògùn náà ránṣẹ́ sínú iṣan ọrùn, kí wọ́n sì máa ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn. Fọ́tò yẹn ló máa fi hàn ibi tó dí, bó ṣe dí tó, àti bí ibi tí wọ́n fẹ́ rán ṣe fẹ̀ tó.

Iṣan orí ẹnì kan kì í sì í ṣe ti ẹnì kejì. Láti ọdún 1664 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Willis ti kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣan ńláńlá inú orí so pọ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ bí òrùka. Ẹ rò ó bí oríta Étoile Rouge: bí ọ̀nà kan bá dí, wàá yí po, wàá gba òmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òrùka náà kò pé. Apá kan rẹ̀ lè tín-ín-rín, òmíràn lè má sí rárá. Nítorí náà, bí aládùúgbò yín bá sọ pé "wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dìde," ẹ bá a yọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí àbúrò yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń báni ṣètò kì í sọ. Ìwọ̀n kì í ṣe ti iṣan nìkan. Àwọn dókítà tún wọn èrè iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n kó aláìsàn 1,377 jọ, wọ́n ṣe é fún àwọn kan, wọ́n fi oògùn nìkan tọ́jú àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní 1985, wọ́n rí i pé iṣẹ́ abẹ náà kò dín rọpárọsẹ̀ kù ju oògùn lọ. Wọ́n tún un dán wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n kéde ti ibẹ̀ ní 2011. Wọ́n dán an wò ní Ṣáínà, wọ́n kéde tiwọn ní 2023. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Ẹ má gbọ́ mi ní ìgbọ́kúgbọ̀ọ́ o. N kò sọ pé iṣẹ́ abẹ náà kò dára. Àwọn kan wà tó jẹ́ ti wọn. Àwọn dókítà Japan sọ àìsàn kan lórúkọ ní 1969, wọ́n pè é ní moyamoya, nítorí pé nínú fọ́tò, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó hù yí ibi tó dí ká rí bí èéfín. Iṣẹ́ abẹ yìí ń ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé díẹ̀ ló bá mu, àwọn díẹ̀ yẹn náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jonquet. Ìyá alátàsì gbọ́rọ̀. Kò ta ilẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò iṣan orí rẹ̀. Kí ni wọ́n rí? Àwọn iṣan ńláńlá ṣí gbayawu! Kò sí ìkankan tó dí. Iṣan wẹ́wẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló bàjẹ́, irú èyí tí kò tó mìlímítà 1, tí kò sí abẹ́rẹ́ tàbí okùn tó lè rán an. Kí ló bà á jẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí a ń pè ní tánsíọ̀n. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó lé ní 200. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún un. Ó lo oògùn fún oṣù méjì, ó ní ara òun ti yá, ó sì jù ú nù.

Ẹni tó fẹ́ bá wọn ṣètò kò gbé fóònù mọ́. Owó tó gbà ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lọ. Gbágùúdá tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ni wọ́n ń tà tí wọ́n fi ń ra oògùn rẹ̀ báyìí. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já gaara díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti ta ilẹ̀ yẹn, ta ni ì bá máa ra oògùn?

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìwọ̀n kan wà ṣáájú. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwé àwọn oníṣègùn sọ pé bó bá ti ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Kì í dun ni. Kì í yún ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń pa wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana fi èèyàn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ mú wé àwọn tí kò mú, wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n rí ní 2018. Ohun 11 tó ṣeé yí padà ló wà nídìí bíi 98 nínú 100 gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Lára àwọn tó kù ni ìtọ̀ ṣúgà, ikùn ńlá, àìjẹ ewébẹ̀, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè tán, àti sìgá. Ẹ gbọ́ o: gbọ́mà àti tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé yín wà nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ!

Ìwọ̀n kejì ni ti àwọn ọmọ wa tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, àwọn tí à ń pe àìsàn wọn ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ẹ̀yin ìyá wọn, tiyín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù lónìí. Àìsàn yìí máa ń mú kí iṣan ńlá inú orí ọmọ fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ìtọ́jú, bíi ọmọ 11 nínú 100 ni rọpárọsẹ̀ ń mú kí wọ́n tó pé ọmọ ogún ọdún. Ó lè dé ọ̀dọ̀ moyamoya tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọlọ́run ṣe é, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀bátí ọmọ, tí kì í gún un, tí kì í dùn ún. Ìró ló fi ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan orí.

Kí ni ìsáré ẹ̀jẹ̀ fẹ́ sọ fún wa? Ẹ fún ẹnu rọ́bà omi pọ̀, ẹ ó rí i pé omi á tú jáde pẹ̀lú agbára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti ń sáré tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan ti ń fún, ewu ti sún mọ́lé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọmọ 130 tó wà nínú ewu yìí. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kan lára déédéé, wọ́n tọ́jú àwọn tó kù bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1998, rọpárọsẹ̀ ti mú ọmọ 11 nínú àwọn tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé. Nínú àwọn tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ọmọ kan ṣoṣo ni. Ìwọ̀n ló ṣe bẹ́ẹ̀! Kò sí ẹni tó la orí ẹnikẹ́ni. Ní Kano àti Kaduna náà, wọ́n ti fi oògùn oníhóró tó ń jẹ́ hydroxyurea ṣe é fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2022 pé ìwọ̀nba díẹ̀ lára oògùn náà lójoojúmọ́ ṣiṣẹ́ tó ìwọ̀n tó pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìyí. Ní Kútọnu níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2003 bí wọ́n ṣe tọ́jú ọmọ SS 236: wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ ọmọ, wọ́n dènà ibà, wọ́n fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Dídá ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn dín kù gidigidi. Ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ló ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Ìwọ ará rédíò yìí, ṣé tálákà ló ni kí wọ́n máa di nǹkan mọ́ òun lápá, kí olówó ni iṣẹ́ abẹ?" Rárá o. Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn láti 1962. Ọmọ wa lè ṣe é. Mo fẹ́ kó wà nílé ìwòsàn wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ yín ni ẹ̀rọ tó ń wọn ìsáré ẹ̀jẹ̀ ọmọ lórí, kó wà ní Pobè àti ní Savè, kó má jẹ́ Kútọnu nìkan, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ láìsí ìwọ̀n, aṣọ tí wọ́n gé láìwọn ara ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ tí ń wọn tánsíọ̀n, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá, kò jìnnà sí owó àpò ìrẹsì ńlá kan lọ́jà. Ẹ ra ọ̀kan fún ẹgbẹ́. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ ẹni méjì ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí àgbà kankan má ṣe jókòó sí ìpàdé láìwọ̀n ọ́n. Bí ó bá ga, ẹ jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn, kí ó má jù ú nù nítorí pé ara yá. Oògùn ló mú kó yá.

Bí ó bá sì di pé ẹnì kan ní kí ẹ san owó iṣẹ́ abẹ iṣan orí, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin:

Èkíní, fọ́tò wo ló fi hàn pé iṣan dí, iṣan wo sì ni?

Èkejì, mìlímítà mélòó ni iṣan tí wọ́n fẹ́ rán, mélòó sì ni èyí tí wọ́n fẹ́ rán mọ́ ọn?

Ẹ̀kẹta, kí ló fi hàn pé iṣẹ́ abẹ á ṣe ẹni yìí lóore ju oògùn lọ?

Ẹ̀kẹrin, ta ni oníṣẹ́ abẹ náà, mélòó ló ti ṣe, ilé ìwòsàn wo ló sì máa já ìwé owó fún wa?

Bí ẹni náà bá ń bínú sí ìbéèrè yín, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù o, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ mi pa ènìyàn. Bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara mọ́, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì rántí aago tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n wákàtí bíi mẹ́rin ààbọ̀ péré ló fún ni. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà.

Kí ẹ tó tú ká lálẹ́ òní, ẹ bi ara yín: ta ló ti wọn tánsíọ̀n rẹ̀ lọ́dún yìí nínú wa? Ọmọ SS mélòó ló wà ládùúgbò wa, ta ló sì ti gbé tirẹ̀ lọ wọn ìsáré ẹ̀jẹ̀ orí? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ẹgbẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́.

Ìyá alátàsì Jonquet ní kí n kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé ilẹ̀ Sakété ṣì wà. Ó dàbọ̀ o.